Ṣé Èyí Tó Kù Á Tó? Abẹ́rẹ́ Tó Ń Wo Iṣẹ́ Kíndìnrín

Èyí ni àkọsílẹ̀ ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. A ti yọ ikọ́ mi àti gbogbo "ẹ̀n-ẹ̀n" kúrò, a fi ìyókù sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nínú dáńfó, ẹ rọra, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín kọjá bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé dátà ti wọ́n, ẹ ṣeun náà.

Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, ẹ má bínú, mi ò lè pa á. Ọjà Olúwo ni mo jókòó sí, ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn ìsọ̀ Màmá Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá Ẹ̀pẹ́. Ẹja yíyan ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Ilé ni mo ti sábà máa ń gba ohùn ètò yìí sílẹ̀, ní Ìkòròdú, nínú yàrá tí mo fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìsọ̀ yìí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ti jáde, ẹni tó bi í kò sì jìnnà sí mi báyìí. Ẹ bá mi kí wọn. Wọ́n ní kí n má pariwo, pé àwọn ń ka owó.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lọ́dún tó kọjá ni kíndìnrín bùrọ̀dá mi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún 34. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, òun gan-an ò mọ̀. Ó kàn ń sọ pé ó ń rẹ òun, a ní kó sùn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí bàtà ò gbà á mọ́ la tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà tí owó bá wà. Nígbà tí owó ò bá sí, ẹ̀ẹ̀kan. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn, torí òun náà máa ń gbọ́ ètò yìí, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ òun di ẹni tí wọ́n ń káàánú lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

A ṣèpàdé ẹbí, inú ìsọ̀ yìí náà ni. Mo dìde, mo ní màá fún un ní kíndìnrín kan. Ẹni ọdún 26 ni mí, mi ò mu sìgá, ara mi le. Mo ti múra sílẹ̀ gan-an, mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo mú ìwé rẹ̀ jáde nínú àpò bí ẹni mú ìwé ẹ̀rí yunifásítì jáde. Lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: 104. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún mi sọ pé ó dára púpọ̀. Mo ka nọ́ńbà náà sí etí gbogbo ẹbí.

Màmá Ẹ̀pẹ́ gba ìwé náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kíndìnrín mélòó lo ní?"

Mo ní, "Méjì ni, Mà."

"Nọ́ńbà mélòó ló wà níbí?"

"Ọ̀kan ni, Mà."

Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi náà ní ọmọọṣẹ́ méjì nínú ìsọ̀ yìí. Bí owó ìrọ̀lẹ́ bá pé, ìyẹn ò sọ fún mi pé àwọn méjèèjì ló tajà. Ẹnì kan lè máa tajà kí ìkejì máa tẹ fóònù. O fẹ́ mú ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó dáa, Ọlọ́run á gbà á. Èyí tó kù, ṣé á tó ọ lò?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo lọ́jọ́ náà lọ́kàn dáadáa torí èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu jẹun, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí 104 yẹn jẹ́, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ nílé. Láàárín wákàtí 24, kíndìnrín méjì tó dá ṣáṣá máa ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi láti inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ronú jẹrikáàn lítà 20, mẹ́sàn-án. Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ sí méjì ló ń jáde bí ìtọ̀, ìyókù ni kíndìnrín ń dá padà sínú ẹ̀jẹ̀. Iye mílílítà tí wọ́n ń sẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan ni àwọn dókítà ń pè ní GFR. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le sábà máa ń ní 90 sókè. Bó bá wà nísàlẹ̀ 60 fún oṣù mẹ́ta, àìsàn kíndìnrín ti wà nílẹ̀. Nísàlẹ̀ 15, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀rọ tàbí ti pípààrọ̀ kíndìnrín.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ojú rí asẹ́ yẹn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, wọ́n ń ka creatinine. Ìdọ̀tí kan ni creatinine, ẹran ara wa ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, kíndìnrín ló sì ń kó o dànù. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé agbálẹ̀ ò wá síbi iṣẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Àmọ́ ẹ wo ojú ọjà yìí. Bí ìdọ̀tí bá kéré nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó lè jẹ́ pé agbálẹ̀ ṣiṣẹ́ gidi. Ó sì lè jẹ́ pé èrò ò pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Èmi tí ẹ ń gbọ́ yìí, mo tín-ín-rín gan-an. Ọwọ̀n ìgbálẹ̀ kan ni bùrọ̀dá mi máa ń pè mí. Ẹran ara mi ò pọ̀, creatinine mi ò lè pọ̀, bí kíndìnrín mi bá tiẹ̀ ń tòògbé.

Ohun kejì: kò sẹ́ni tó wọn 104 yẹn lára mi. Ìṣirò ni. Wọ́n mú creatinine, wọ́n mú ọjọ́ orí, wọ́n mú bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọ́n pò ó pọ̀. Níbo ni ìṣirò náà ti wá? Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ gan-an jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999. Àwọn onímọ̀ kó èsì aláìsàn tí wọ́n ti fún ní abẹ́rẹ́ ohun kan tó ń tú ìtànṣán, iothalamate tí wọ́n so mọ́ iodine 125. Abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi mọ GFR wọn gan-an. Wọ́n wá wá ìṣirò tí creatinine fi lè súnmọ́ nọ́ńbà tí abẹ́rẹ́ sọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: abẹ́rẹ́ onítànṣán ni bàbá, ìṣirò orí ìwé wa ni ọmọ. A ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí, a ò tíì bá bàbá pàdé.

Nínú ìwádìí kan náà, wọ́n ní àwọn rí i pé GFR àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ga ju ohun tí creatinine wọn ń sọ lọ, wọ́n bá fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kún èsì ẹni tó bá jẹ́ dúdú. Ìṣirò mìíràn tó jáde ní 2009 dín in kù sí nǹkan bí 16 lórí 100. Ọdún 2021 ni wọ́n tó gbé èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara nínú jáde. Ilé àyẹ̀wò tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, ti 2009 ni wọ́n ṣì ń lò, wọ́n sì ti mú "dúdú" fún mi. Mo yọ ọ́ kúrò fúnra mi lórí fóònù, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, lọ́jọ́ tí mo kà nípa rẹ̀. 104 di 90. Èmi náà ni, kíndìnrín náà ni, ẹ̀jẹ̀ náà ni.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Ní 2022, ìwé ìròyìn Lancet Global Health gbé ìwádìí kan jáde láti Malawi, Uganda àti Gúúsù Áfíríkà, lára èèyàn tó lé ní 2,500. Wọ́n wọn GFR wọn gan-an pẹ̀lú oògùn kan tó ń jẹ́ iohexol. Òun kò ní ìtànṣán nínú, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Wọ́n rí i pé creatinine ń pe kíndìnrín àwọn èèyàn ní alágbára ju bó ṣe wà lọ, àti pé fífi ti "dúdú" kún un tún ń bà á jẹ́ sí i. Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ohun tí wọ́n kà lára èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà ní Ìkòròdú.

Ó dáa. Abẹ́rẹ́ yẹn wá ńkọ́?

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gbé e débẹ̀. George de Hevesy ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ó ń gbé nílé ìyá kan tó ń gba àlejò ní Manchester, ní nǹkan bí 1911. Ó fura pé àjẹkù ọjọ́ Sunday ni ìyá náà ń pò pọ̀ fún wọn jẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyá ní irọ́ ni, pé ẹran tuntun ni lójoojúmọ́. Hevesy bá bu ohun onítànṣán bíńtín sínú àjẹkù àwo tirẹ̀. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó gbé ẹ̀rọ sí i, ẹ̀rọ fi hàn pé ohun onítànṣán náà wà níbẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyẹn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ti ọdún 1943, kì í ṣe nítorí ìyá onílé o, nítorí ọgbọ́n náà ni: fi àmì tó ń tàn sára nǹkan, jẹ́ kó wọlé, kí o wá máa wo ibi tó ń gbà. Ìyá olóúnjẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì wa nígbà yẹn... ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Àmì tí wọ́n ń lò fún kíndìnrín jù lónìí ni technetium 99m. Wọ́n á so ó mọ́ ohun kan tó ń jẹ́ DTPA. DTPA ni ọkọ̀, technetium ni iná orí ọkọ̀. Ohun tó dára lára DTPA ni pé ara ò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kò jẹ ẹ́, kò tọ́jú ẹ̀, kíndìnrín kàn ń sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀ ni. Nítorí náà, bó ṣe ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ ni kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Kò kan ọ̀rọ̀ pé o tín-ín-rín tàbí o sanra, kò sì bi ọ́ ní àwọ̀ ara rẹ. Kámẹ́rà kan tó ń rí iná náà á sì máa wo bí kíndìnrín ọ̀tún àti tòsì ṣe ń gbà á, kálukú lọ́tọ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè Màmá Ẹ̀pẹ́ gan-an nìyẹn. Ta ló ń tajà, ta ló ń tẹ fóònù?

Mo padà wá sọ fún wọn. Ojú wọn yí padà nígbà tí wọ́n gbọ́ ìtànṣán. Wọ́n ní, "Ṣé irú èyí tí wọ́n jù sí àwọn ará Japan ni?"

Mo jókòó. Mo ní, "Mà, ẹja tútù tó bá dé láàárọ̀, bó bá di ọ̀sán, ṣé iye kan náà lẹ ṣì máa tà á?"

Wọ́n ní, "Ta ló máa rà á?"

Mo ní, "Technetium nìyẹn. Wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni ìdajì rẹ̀ ń kú. Bí wọ́n bá fún mi láago mẹ́jọ àárọ̀, tó bá di aago méjì ọ̀sán, ìdajì ti lọ. Aago mẹ́jọ alẹ́, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ìdá kan nínú 16 ló kù, ká má tiẹ̀ ka èyí tí mo ti tọ̀ dànù. Ìtànṣán tó máa kàn mí nínú gbogbo rẹ̀ ò tó èyí tí ilẹ̀, òfúrufú àti oúnjẹ ń fún gbogbo wa lọ́dún kan."

Wọ́n ronú sí i. Ohun tí wọ́n bi mí tẹ̀ lé e, mi ò retí ẹ̀ rárá. Wọ́n ní, "Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi yìnyín sí i?"

Mo ní kò sí. Yìnyín ò dá a dúró, iná ò dá a dúró, kò sí ohun tó ń dá a dúró.

Wọ́n mi orí. "Ọjà tí kò ṣeé yan, tí kò ṣeé fi yìnyín sí. Àwọn tó ń tà á gbìyànjú o."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń kú ní wákàtí mẹ́fà, báwo ló ṣe ń dé Nàìjíríà? Òbí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Molybdenum 99 ni òbí náà, wákàtí 66 ni tirẹ̀ fi ń dín sí ìdajì, bó sì ṣe ń kú ló ń bí technetium. Inú àpótí tí wọ́n fi òjé ṣe ló ń wà. Láràárọ̀, wọ́n á da omi iyọ̀ gba inú rẹ̀, technetium á bá omi jáde. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí káàkiri ayé ń pe àpótí náà ní màlúù, wọ́n sì ń pe iṣẹ́ àárọ̀ yẹn ní fífún wàrà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo dákẹ́ ẹ̀rín nígbà tí mo mọ ibi tí màlúù ti ń wá.

Ẹ̀rọ átọ́míìkì ńláńlá díẹ̀ ló ń ṣe molybdenum fún gbogbo ayé. Ọ̀kan wà ní Áfíríkà, SAFARI-1 ní Pelindaba, nítòsí Pretoria. Ìyókù pọ̀ jù ní Yúróòpù, bíi ti Petten ní Netherlands. Nígbà tí ti Kánádà dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 2009 tí wọ́n ń tún un ṣe títí di 2010, àwọn ilé ìwòsàn tó lówó ní Amẹ́ríkà gan-an ń to aláìsàn sí ìlà. Àwa náà ní ẹ̀rọ átọ́míìkì kan, ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, láti 2004, àmọ́ kékeré ni, iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n fi ń ṣe, kì í ṣe irú èyí tó lè bọ́ ilé ìwòsàn. UCH Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ṣí ẹ̀ka irú ìṣègùn yìí ní Nàìjíríà, lọ́dún 2006, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ IAEA. Lẹ́yìn ìyẹn, Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja ní tirẹ̀. Ẹ wá wò ó: ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní orílẹ̀-èdè yìí, ní St Nicholas ní Èkó, a sì ti ń ṣe é látìgbà náà. Àwọn ibi tó ń pààrọ̀ kíndìnrín ti pọ̀ sí i. Àwọn ibi tó lè sọ fún ẹni tó fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ pé tọ̀tún tàbí tòsì, wọn ò pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ọjọ́ mi síwájú. Lákọ̀ọ́kọ́, àpótí ò bá ọkọ̀ òfúrufú tó yẹ kó bá wá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dé, ó sùn sí pápákọ̀ òfúrufú fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ìwé. Ẹ rántí wákàtí 66. Bí ìwé ti ń wá ọwọ́ tó máa fọwọ́ sí i ni màlúù ń gbẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, màlúù dé, kámẹ́rà ni kò dìde. Láàárín ìgbà náà, bùrọ̀dá mi lọ síbi ẹ̀rọ ní ìgbà tí mi ò kà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbànú so ṣòkòtò rẹ̀ sí ihò tí kò sí tẹ́lẹ̀, ihò tó fi ìṣó lu fúnra rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ṣeé ṣe. Mo mu omi ìgò mẹ́ta bí wọ́n ṣe ní. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. (Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ bá lóyún tàbí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún yín ní ohunkóhun.) Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tóóró kan, kámẹ́rà wà lábẹ́ ẹ̀yìn mi. Kì í ta nǹkan síni lára bíi ti X-ray, òun ló ń gba ohun tó ń jáde látara ẹni. Abẹ́rẹ́ náà kéré, ìgbónára ò sí, ìdùn ò sí. Ó dà bíi pé wọn ò ṣe nǹkan kan.

Mo yí orí díẹ̀, mo rí skíríìnì. Òkùnkùn ni lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn àmì bẹ̀rẹ̀ sí í dé bí ẹni da iyọ̀ sórí aṣọ dúdú, wọ́n ń pọ̀, wọ́n ń kóra jọ, títí wọ́n fi di ẹ̀wà méjì tó ń tàn. Ọkàn mi gbé sókè. Inú ara mi nìyẹn, kíndìnrín mi rèé lójú iṣẹ́, ní ìṣẹ́jú tí mo wà yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe. Bí etí ọ̀tún hẹ́díìsẹ́ẹ̀tì bá rẹlẹ̀ ju tòsì lọ bí bíńtín, mo máa mọ̀. Tòsì tàn kíá. Ọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń bọ̀, kò dé ibi tí tòsì dé. Mo wo ojú ẹni tó ń wo ẹ̀rọ. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?" Ó ní, "Dókítà á bá yín sọ̀rọ̀." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gbólóhùn yẹn máa ń túmọ̀ sí.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́yìn wákàtí méjì, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, láti mọ iye tó ti tán. Ó yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí bí ẹ bá máa ṣe é: kámẹ́rà nìkan náà lè fúnni ní GFR, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀mejì yẹn ló péye jù. Iṣẹ́ tí kámẹ́rà mọ̀ jù ni pínpín in sí ọ̀tún àti òsì.

Èsì jáde. GFR mi jẹ́ 74. Kì í ṣe 104, kì í ṣe 90. Tòsì ń ṣe ìdá 61 nínú 100, ọ̀tún ń ṣe 39.

Dókítà náà, màmá àgbà kan ni, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Tòsì, 45. Ọ̀tún, 29. Ó ní, "Èyí tó dára jù la máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fúnni. Nítorí náà, 29 ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa gbà, ìwọ á máa lo 45. Lóòótọ́, èyí tó kù máa ń gbìyànjú láti kún un, àmọ́ ọmọ ọdún 26 ni ẹ́. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ọdún 50 ló kù tí o máa lò ó. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Mo jà. Mo sọ fún un pé èmi ló ni kíndìnrín. Mo sọ fún un pé ìwé àkọ́kọ́ sọ pé 104 ni. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò fún un lórí fóònù, ẹ gbà mí o. Ó fi mí sílẹ̀ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Ká ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lo wá bá wa pẹ̀lú ìwé 104 yẹn nìkan, a lè ti mú ọ̀kan. A sì lè ti mú tòsì."

Mo gun mọ́tò láti ibẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ tààrà, mi ò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ bùrọ̀dá mi. Ojú ń tì mí. Mo fún Màmá Ẹ̀pẹ́ ní ìwé tuntun náà. Wọ́n gbé gíláàsì wọn sójú, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Nọ́ńbà ti di méjì." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ìwé àkọ́kọ́ purọ́ fún wa ni?"

Mo ní, "Kò purọ́, Mà. Ó méfò ni."

Wọ́n fi ẹja àrọ̀ yíyan kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n jẹun.

Nígbà tí mo wá sọ fún bùrọ̀dá mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo wá gbà mí là, àbí èmi ni mo gbà ọ́ là?" Torí ká ní ara òun le ni, kò sóhun tó máa gbé mi dé iwájú kámẹ́rà yẹn. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti kékeré ni ọ̀tún mi ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni mo ń wọ̀n nílé báyìí, mo sì ti dẹ́kun gbígbé ibuprofen mì bí ẹ̀pà ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣiṣẹ́ mọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin elédíìtì ẹgbẹ́ mi ń gbọ́ mi.

Kí ẹ má lọ máa béèrè abẹ́rẹ́ yìí ní gbogbo ibi o. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn, creatinine àti àyẹ̀wò ìtọ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín sílẹ̀ ló nílò rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní irú oògùn jẹjẹrẹ tó ń ba kíndìnrín jà, àti ọmọdé tí ìtọ̀ rẹ̀ dí lápá kan. Àmọ́ bí ẹ bá gba ìwé yín, ẹ bi wọ́n ní ìṣirò ọdún wo ni wọ́n lò. Ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe máa wò yín.

Ó ku ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó tẹ̀ lé bùrọ̀dá. Ìlọrin ló ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, ìwé creatinine rẹ̀ sọ pé 98, a ti yọ ti "dúdú" kúrò nínú ìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbóríyìn fún nọ́ńbà náà nílé wa. Thursday tó ń bọ̀ ni wọ́n fún un, bí ọkọ̀ òfúrufú bá gbé e dé lọ́jọ́ Tuesday, bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé ní pápákọ̀ lọ́jọ́ Wednesday. Bùrọ̀dá mi ti ní kí a má sọ ọjọ́ náà fún òun títí yóò fi kọjá.

Màmá Ẹ̀pẹ́ ní tiwọn ti gbé fóònù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ẹja. Láràárọ̀, kí wọ́n tó na ọwọ́ sí ọjà rárá, wọ́n á kọ́kọ́ pè mí. Wọn ò ní kí mi tán. Wọ́n á ní, "Màlúù yẹn, ṣé ó ti balẹ̀?"